Ìwé Tí Eleazar Kà Lẹ́nu Ọ̀nà Mehitable

Àmì bàtà méjì ló wà lórí yìnyín níwájú ilé Dorcas Lindell lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, méjèèjì kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò sí àmì ẹsẹ̀ tó wá, kò sí èyí tó padà. Yìnyín àná ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú títì, ológbò pàápàá kò tíì gba orí ẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, tí Dorcas fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò irin tó sáré wá ṣí i.

Ó gbójú sókè wo òrùlé. Ó yọrí wo ẹ̀gbẹ́ ilé lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò rí nǹkan kan. Ó ní, “Ó dáa náà,” bí ẹni tó ń dá ọmọ kékeré lóhùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì bàtà nìkan ló ń dà á láàmú. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ Ajé, nínú ààrò kan náà yẹn, ló ń dùn ún lọ́kàn. Ọkàn tó mọ̀ pé òun jẹ̀bi kì í pẹ́ gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí í ṣe fún yín. Ọdún mọ́kàndínlógún ṣáájú ìgbà yẹn ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti kúrò ní Providence wá sí Kindlow, ìlú kékeré kan láàárín òkè àti igbó lápá àríwá New Hampshire. Ọdún kẹrin ni ọkọ kú. Ará Kindlow kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n la igi ìdáná sílẹ̀ fún un títí òtútù fi lọ. Ṣùgbọ́n ará ìta ni wọ́n ń pè é, ará ìta náà ló sì jẹ́. Bí o bá fi ogójì ọdún gbé ibẹ̀, tí o bímọ síbẹ̀, tí o wá sọ pé ọmọ ìlú ni ọmọ ẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, “Bí ológbò bá bímọ sínú ààrò, ṣé a ó máa pe ọmọ ẹ̀ ní búrẹ́dì ni?” “Ìyáàfin Lindell” ni gbogbo wọn ń pe Dorcas. Láàárín ara wọn, orúkọ ni wọ́n ń pe ara wọn, tọmọdé tàgbà.

Ìlú wá ń múra láti ṣe ayẹyẹ igba ọdún. Àwọn àgbà ìlú mẹ́ta ní kí wọ́n kọ ìwé nípa Eleazar Thurlow, ará Devon, Òyìnbó àkọ́kọ́ tó gé igi lulẹ̀ níbẹ̀. Wọn a máa ní ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ibẹ̀ ni, bí ẹni pé àwọn Abenaki onílẹ̀ tó ti ń dọdẹ níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ìjà ọjọ́ mìíràn. Nítorí pé Dorcas ti ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé rí, òun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Amos Thurlow, arúgbó tó kẹ́yìn ìran Eleazar, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí àwọn ìwé àtijọ́ wá sílé rẹ̀.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Winifred Pease tó ń pín lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́ na àpò lẹ́tà sí i, tó ní, “Tìẹ rèé, Dorcas.” Ẹ gbọ́ ná. Ọdún mọ́kàndínlógún! Dorcas délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó láìbọ́ aṣọ òtútù, ó sunkún ayọ̀ bí ọmọge.

Nítorí náà ó fẹ́ràn Eleazar. Ó kọ orí mẹ́jọ nípa rẹ̀. Ó kọ bó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe afárá, bó ṣe gbé ìyàwó aládùúgbò kọjá odò nígbà omíyalé, bó ṣe pín irúgbìn lọ́dún ìyàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin rere ni.

Ọjọ́ Ajé yẹn ló ń nu àpótí náà láti dá a padà, tó rí i pé aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wú níbì kan. Ó tú u. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fi òwú rán pọ̀.

Ti àkọ́kọ́ kò yà á lẹ́nu. Láyé ìgbà náà, bí àlejò bá gbé ìlú fún ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò lé e, tí ìṣẹ́ bá wá mú un, ìlú ló gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Kí wọ́n má bàa jẹ gbèsè ẹnu ẹlẹ́nu, wọ́n á rán kọ́ńsítébù sí gbogbo àlejò pátá, á ka ìwé sí i létí lẹ́nu ọ̀nà pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò sì sẹ́ni tó ń lọ. Wọ́n kà á sí olówó létí, wọ́n kà á sí oníwàásù létí. Àlejò á gbọ́, á ní ẹ ṣé, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Gbogbo ayé ló mọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ yìí, Eleazar tí í ṣe kọ́ńsítébù ni wọ́n fi rán sí opó kan tó ń jẹ́ Mehitable Crane, tó ní ọmọ méjì.

Ìwé kejì ni ìṣòro. Eleazar ló kọ ọ́ nígbà tó darúgbó, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń gbọ̀n.

“Ọ̀sán gangan ni mo ka ìwé náà sí i létí. Ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé láti Devon ni, kò mọ àṣà wa, igi sì ti pa ọkọ rẹ̀. Ó bi mí pé, ‘Ṣé ká máa lọ nìyẹn, ọ̀gá?’ Mo rí i pé kò yé e. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ, pé kò pọn dandan kó lọ. N kò sọ ọ́. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni orísun omi wà, èmi sì fẹ́ omi náà. Mo ní, ‘Bí ìwé ṣe wí nìyẹn.’ Mo dúró ti igi ìdáná mi, mo ń wò ó bó ṣe ń di ẹrù sórí ọkọ̀ pákó kékeré tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín, tó gbé ọmọ kan lé ẹrù, tó fa èkejì lọ́wọ́, tó gbé okùn kọ́ èjìká. Ó yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù kẹrin tí yìnyín yọ́, mo rí wọn lábẹ́ igi, kò tó máìlì méjì sílé mi. Èyí kékeré wà nínú aṣọ ìyá rẹ̀. Èmi nìkan ni mo sin wọ́n. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìlú pé wọ́n ti kó lọ. Ẹni tó bá rí ìwé yìí, kó kà á sí ìlú létí. Ẹnu tèmi kọ̀.”

Dorcas kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ronú nípa orí mẹ́jọ tó ti kọ. Ó ronú nípa Winifred, àti nípa bí orúkọ òun ṣe máa ń dùn létí òun nílé ìfìwéránṣẹ́. Ta ni wọ́n máa bínú sí? Wọn kò lè bínú sí òkú. Wọ́n á ní ará ìta ló wá fi ẹrẹ̀ pa ìlú àwọn lójú. Ó ṣí ààrò, ó ju ìwé méjèèjì sí i, ó sì dúró wò ó títí ó fi di eérú. Lẹ́yìn náà ó gbé ọbẹ̀ lé e lórí. Ohun tó ṣe nìyẹn, n kò bu iyọ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ní ọ̀sán gangan, wọ́n tún kàn án. Dorcas kò ṣí i. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di ṣíbí ọbẹ̀ mú bí ẹni di kùmọ̀ mú. Ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ìta, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn ẹni tó ń ka nǹkan tó ti kà títí tó fi sú u.

“Dorcas Lindell, tó ti Providence wá, tí ìlú yìí kò gbà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú. Ní orúkọ Kindlow, a pa á láṣẹ fún ọ kí o kó ẹrù rẹ kúrò láàárín wa. Ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù.”

Mẹ́tàlá. Ó mọ òfin náà dáadáa, mẹ́rìnlá ló yẹ kó jẹ́. Ìyẹn ni pé àná, nígbà tó ń wo òrùlé kiri, wọ́n ti ka ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e ó ní kò sí ohun tó lè ṣe òun nínú ilé ara òun. Ó ṣí ilẹ̀kùn kí kíkàn kẹta tó dún. Ọkùnrin kan dúró níbẹ̀, àgbàlagbà, tó wọ aṣọ awọ, tó di fìlà mú lọ́wọ́ kan. Yìnyín wà léjìká rẹ̀. Ooru ààrò ń fẹ́ sí i lára láti inú ilé, yìnyín náà kò yọ́. Òórùn ìwé jíjó ń bọ̀ lára rẹ̀. Ó gbé bébà kan sókè tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó kàwé, ó ka ọjọ́ méjìlá. Lẹ́yìn náà kò lọ. Ó ń wo Dorcas lójú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ọ̀fun rẹ̀ ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Ó ń tiraka bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Omijé wà lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì ni Dorcas tó mọ ohun tí ẹnu náà ń wí. Ó ti kà á rí, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó lè mọ̀ ọ́n. Kò pọn dandan. Gbólóhùn yẹn ni Eleazar kò sọ nígbà ayé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìwé lè bá a sọ ọ́. Dorcas wá dáná sun ẹnu kan ṣoṣo tó kù fún un.

Áà, ojú tì í. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ó ń sọ fún afẹ́fẹ́ pé, “Ẹ má bínú. Ẹ má bínú sí mi.” Ta ló ń bẹ̀? Kò mọ̀ ọ́n.

Bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó gbìyànjú láti sá. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ kó má bàa wà nílé.

Winifred wò ó lókè délẹ̀. “Dorcas, o ti rù o! Ṣé ìwé yẹn ló ń jẹ ẹran ara ẹ ni?”

“Òtútù ni.”

“Òtútù wo? Èyí tí ọmọ ọwọ́ ń fi ṣeré níbí? Ẹ̀yin ará Providence yìí náà!” Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. “Má bínú jàre. Mo gbàgbé. Tiwa ni ẹ́ báyìí.”

Wọ́n kan dígí ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Winifred ń to lẹ́tà lọ, kò gbójú sókè. Dorcas rí èjìká tó ní yìnyín lẹ́yìn dígí, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó gbọ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí Winifred, ẹ̀jẹ̀ nínú, itọ́ funfun lẹ́nu.

Ọjọ́ kejì ìyẹn ló lọ bá Amos Thurlow, láago mọ́kànlá òwúrọ̀. Arúgbó náà ń gbé nìkan lórí òkè. Ó ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó to ṣíbí àti ọ̀bẹ sí i tónítóní, ẹja oníyọ̀ àti ọ̀dùnkún ń hó lórí iná. Dorcas kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Orí ìdúró ló máa ń jẹun tẹ́lẹ̀, tí yóò kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Kò sọ pé kó jókòó. Aago ara ògiri ló kọ́kọ́ wò. “Wàá ti kúrò níbí kó tó di méjìlá, àbí?”

“Kí ló dé, Ọ̀gbẹ́ni Thurlow?”

“O mọ ohun tó dé.”

Dorcas fa àga, ó jókòó. “Mo wá jẹ́wọ́ ni. Ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí yẹn. Mo sun ún, mo gbé ọbẹ̀ lé e lórí.”

“Mo mọ̀. Èmi ni mo fi ìwé náà síbẹ̀.”

Ìkòkò ń hó. Amos dín iná kù, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí aláìsàn ń sùn ní yàrá kejì.

“Láti kékeré mi, ọ̀sán kan kì í kọjá tí wọn kì í kan ilẹ̀kùn wa. Bàbá mi á gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìyá mi á yíjú sógiri. Eleazar ni. Á kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, á kàwé, orúkọ wa ló ń pè. Bó bá ka ọjọ́ mẹ́rìnlá tán, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Bàbá mi ní nítorí pé ìwé náà ṣì wà ni. Ó ní bí ìwé bá wà, ẹnìkan ṣì lè kà á síta, ìrètí wà.”

“Báyìí tí kò sí mọ́ ńkọ́? Bí mẹ́rìnlá bá pé?”

“N kò mọ̀. Kò ṣẹlẹ̀ rí.”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin kò kà á síta?”

“Orúkọ wa ni, kí ló tún kù? Ìran méje. Kò sẹ́ni tó lè kà á, kò sẹ́ni tó lè sun ún. Mo wá rò ó pé, obìnrin yìí, ará ìta ni. Kò ní ẹbí níbí, kò ní orúkọ bàbá tó ń bò. Bó bá rí i, á sọ ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Àádọ́sàn-án ọdún ni ọwọ́ wa ti ń gbọ̀n lórí bébà yẹn. Ìwọ sun ún kí ọbẹ̀ tó gbóná.”

Dorcas ní, “Nítorí pé mo jẹ́ ará ìta ni. Ẹ̀yin, bí ẹ sọ ọ́, Thurlow náà lẹ ó máa jẹ́. Kí lèmi máa jẹ́?”

Amos gbójú sókè wò ó. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò wá sí i lọ́kàn rí.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìpàdé ìlú,” Dorcas ní. “Ẹnikẹ́ni ló lè dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ láìsí ìwé lọ́wọ́, wọ́n á ní orí mi ti yí. Ṣé ẹ máa dìde tì mí?”

Arúgbó náà tún ṣíbí rẹ̀ tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tò ó dáadáa. “Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí mo ti ń jẹun ọ̀sán láìgbé ṣíbí sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, Dorcas.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tóun náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó wo aago. “Jọ̀ọ́, máa lọ. Má jẹ̀ẹ́ kó bá ẹ níbí.”

Dorcas lọ. Ọ̀nà òkè ló wà nígbà tí ohùn náà ka ọjọ́ méje sí i létí, láàárín igbó, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn kankan tí wọ́n lè kàn. Kíkàn náà dún síbẹ̀.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Á dúró síwájú dígí, á ní, “Ẹ̀yin ará Kindlow, mo ti ṣẹ̀ yín, mo sì ti ṣẹ ẹni mẹ́ta tó kú.” Ó rọrùn níwájú dígí. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ó pinnu pátápátá. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní Ìyáàfin Lindell títí òun á fi kú, ọkàn òun á ṣáà balẹ̀. Mo gbà pé ó ti inú wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé. Gbọ̀ngán ìlú kún fọ́fọ́, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ó lé, aṣọ òtútù lórí gbogbo àga. Àwọn obìnrin ti gbé ìkòkò ẹ̀wà dídùn àti búrẹ́dì dúdú jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán, òórùn rẹ̀ ń fa ọkàn àwọn ènìyàn. Wọ́n jiyàn lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, wọ́n jiyàn lórí ajá tí kò ní olówó. Àwọn tó bú ara wọn tún rẹ́rìn-ín síra wọn. Dorcas jókòó létí ọ̀nà, Amos wà níwájú rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, alága dìde. Ó ní àwọn àgbà ìlú ní ìdúpẹ́ kan láti ṣe. Ó gbé ìwé sókè, ó kà á ketekete: “Kí ìwé ìlú kọ ọ́ sílẹ̀ pé Dorcas Lindell, ọmọ Kindlow, ló kọ ìtàn ẹni tó tẹ ìlú wa dó.”

Ọmọ Kindlow. Ẹnìkan kígbe látẹ̀yìn pé, “Ológbò ti di búrẹ́dì o!” Ẹ̀rín sọ, gbogbo gbọ̀ngán pàtẹ́wọ́, Winifred ń fi aṣọ nu ojú. Ọkùnrin kan tí kò kí Dorcas rí nà án lọ́wọ́ láti orí àga méjì.

“Ó yá, Dorcas,” ni alága wí. “Ṣé o ní ohun tí o fẹ́ bá wa sọ?”

Ó dìde. Gbogbo ojú ló ń wò ó, tìfẹ́tìfẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́nu rẹ̀, odindi, kò gbàgbé ẹyọ kan. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn Amos bó ṣe le gan-an.

“Ẹ ṣeun,” ni Dorcas wí. “Ẹ ṣeun gan-an.” Ó sì jókòó.

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Alága ní ó tó, ebi ń pa gbogbo ayé, kí wọ́n lọ jẹun. Àga ń hó lórí ilẹ̀, àwo ń kan àwo, aago méjìlá lù lókè. Ìgbà yẹn ni wọ́n kan ilẹ̀kùn gbọ̀ngán lẹ́ẹ̀mẹta.

Kò sẹ́ni tó yíjú, àfi Amos. Òun àti Dorcas wo ara wọn. Lẹ́yìn náà Dorcas dìde, nítorí òun ló sún mọ́ ọn jù, ó sì ṣí i.

Eleazar kọ́ ni. Obìnrin kan ló dúró níbẹ̀, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó fi aṣọ àwọ̀ eérú wé orí, okùn wà léjìká rẹ̀. Ọmọ kékeré kan jókòó lórí ẹrù nínú ọkọ̀ pákó, èyí tó dàgbà díẹ̀ di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Yìnyín wà lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ìpéǹpéjú, kò sì yọ́.

“Ẹ kú ọ̀sán, mà,” ni obìnrin náà wí. “Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wa pé lónìí. Ṣé ká máa lọ nìyẹn?”

Omijé bọ́ lójú Dorcas. “Rárá,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Rárá o, ọmọ mi. Kò pọn dandan kí ẹ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò pọn dandan rárá.”

Obìnrin náà wò ó. Ó gbà á gbọ́ díẹ̀, nítorí ó sọ okùn náà kalẹ̀ láti èjìká sí apá. Ọmọ orí ẹrù gbójú sókè.

“Ìwé ni wọ́n kà sí wa létí pé ká lọ, mà,” ló wí. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ó kàn ń bèèrè bí tálákà ṣe máa ń bèèrè nǹkan níwájú ẹni ńlá. “Èyí tó ní ká dúró ńkọ́?”

Dorcas wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Òfìfo ni.

Obìnrin náà dúró dè é. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó na ọrùn díẹ̀, ó wo inú gbọ̀ngán kọjá èjìká Dorcas, níbi tí ooru wà, tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti ń bu ẹ̀wà. “Bó bá jẹ́ àwọn tó wà nínú ilé ni wọ́n sọ fún wa fúnra wọn, ìyẹn náà á tó,” ló wí. “Kí ẹ bá wa pè wọ́n, mà.”

Dorcas yíjú. Amos ti gbé ṣíbí sílẹ̀, ó tẹrí ba sórí àwo. Gbogbo àwọn tó kù ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó kù kò ju kó gbé ohùn sókè lọ.

“Dorcas, ọ̀rẹ́ mi,” ni Winifred ké láti ìdí ìkòkò ẹ̀wà, tòun tẹ̀rín, “ti ilẹ̀kùn yẹn jọ̀ọ́. Òtútù ń wọlé bá wa.”

Dorcas ti ilẹ̀kùn. Láti inú, ó gbọ́ nígbà tí okùn fún, tí ọkọ̀ pákó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.